Ìtàn Ìgò Jíìnì Onígun Mẹ́rin Létí Odò Ògùn

Kí wọ́n tó la títì Ìkòròdú, omi lọ̀nà. Odò Ògùn ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà láti Abẹ́òkúta wá sí Èkó, tí wọ́n ń gba ìhà Àgbóyì, nítòsí Ketu àti Mile 12 òde òní, bọ́ sójú ọ̀sà. Epo àti èkùrọ́ ni wọ́n ń kó bọ̀. Bí wọ́n bá ń padà, aṣọ, iyọ̀, ìbọn àti àpótí jíìnì ni wọ́n ń rù. Ìgò inú àpótí yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, torí ohun àtijọ́ ni tí a kì í kà sí ohun àtijọ́.

Wọ́n ṣe é ní onígun mẹ́rin kí méjìlá lè fara ti ara nínú àpótí pákó kan. Ìdí rẹ̀ tín-ín-rín ju èjìká rẹ̀ lọ. Schiedam àti Rotterdam ní ilẹ̀ Holland, pẹ̀lú Hamburg ní Jámánì, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àmì ara rẹ̀ ló wù mí jù. Ẹyẹ àkọ̀ ni ti Henkes, ilé ọtí tó bẹ̀rẹ̀ ní Delfshaven ní 1824. Ajá tó gbé ẹyẹ sẹ́nu ni ti Peters ará Hamburg, kọ́kọ́rọ́ sì ni ti Blankenheym àti Nolet. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á kò mọ̀wé, àmọ́ wọ́n mọ àwòrán, àwòrán náà ni wọ́n sì fi ń dá ọtí ojúlówó mọ̀.

Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni fàdákà pẹlẹbẹ tí àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń so mọ́ ọrùn ìgò wáìnì láti nǹkan bí ọdún 1730, tí wọ́n kọ orúkọ ọtí sí, ṣe. Nígbà tí òfin 1860 gba àwọn onísọ̀ láyè láti máa ta wáìnì ní ìgò kọ̀ọ̀kan, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò gba ipò fàdákà. Àmọ́ àwọn èèyàn ka fàdákà náà sí ohun àtijọ́: àwọn tó ń kó o jọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1952.

Ní ti jíìnì lọ́dọ̀ tiwa níbí, ó dá ìjà sílẹ̀. Owó ibodè orí rẹ̀ ń bọ́ ìjọba Èkó, bẹ́ẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell àti James Johnson ń pariwo pé ó ń ba ìlú jẹ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1909. Àdéhùn Saint-Germain ti 1919 ló wá fòfin de ọtí olówó pọ́ọ́kú náà. Ọtí tán, ìgò kò tán: wọ́n fi rọ epo, wọ́n fi rọ àgbo, wọ́n fi rọ kẹrosíìnì.

Bí irú ìgò bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, wo ìlà tí ohun èlò tí wọ́n fi mọ ọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìlà náà bá dúró nísàlẹ̀ ẹnu ìgò, ọwọ́ ènìyàn ló parí ẹnu náà. Bí ó bá gùn dé orí ètè, ẹ̀rọ ló ṣe é, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò sì dàgbà ju ọ̀rúndún ogún lọ.

Ẹ̀yin ará Ketu, Ìkòsí àti Àgbóyì, kí ẹ tó gbé ìgò ìyá àgbà fún àwọn tó ń ra ìgò kiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ìyá náà léèrè ibi tí ó ti rí i àti ohun tó ń fi ṣe, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.