Àwọn Alágbẹ̀dẹ Ìbọn Samori Touré

Samori Touré (nǹkan bí 1830 sí 1900) ni jagunjagun tí ó dá ìjọba Wassoulou sílẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn Màńdé, ní agbègbè tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè Gínì, Málì àti Côte d'Ivoire lónìí. Láti 1882 títí di 1898 ni ó fi bá àwọn ọmọ ogun Faransé jà. Àwọn òpìtàn máa ń yin àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ṣùgbọ́n ogun náà kì bá tí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí àwọn alágbẹ̀dẹ tí ń fi ọwọ́ rọ ìbọn fún un.

Láàrin àwọn Màńdé, iṣẹ́ àjogúnbá ni iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Numu ni wọ́n ń pe ìdílé tí ó ni iṣẹ́ náà. Àwọn numu ni ó ń yọ́ irin láti ara òkúta, àwọn ni ó ń rọ ọkọ́ àti ọ̀bẹ, àwọn náà sì ni ó ń tún ìbọn tí àwọn oníṣòwò ń gbé wá láti etí òkun ṣe. Irú ìbọn tí Yorùbá ń pè ní ṣakabùlà ni èyí. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀. Bí òjò bá pa ẹ̀tù náà, kì í dún. Ní ti Gras, ìbọn tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1874, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kì í, ẹ̀tù rẹ̀ sì wà nínú àpò idẹ pẹ̀lú ọta. Ìbọn Kropatschek tilẹ̀ lè gba ọta púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Freetown ní Sàró ni Samori ti ń ra ìbọn. Wúrà, eyín erin àti títa ẹrú ni ó fi ń rí ohun ìjà àti ẹṣin. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní láti fòpin sí òwò ẹrú ni, ṣùgbọ́n àdéhùn náà tún ka títa ìbọn ìgbàlódé léèwọ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà Freetown dí mọ́ Samori.

Kí ọ̀nà náà tó dí ni ó ti ń wá ọ̀nà mìíràn. Ó rán alágbẹ̀dẹ kan lọ síbi tí àwọn Faransé ti ń tún ohun ìjà ṣe ní Saint-Louis, ní Sẹ̀nẹ̀gà, kí ó lè kọ́ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí iṣẹ́ gbilẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ tó 300 sí 400. Wọn a tú ìbọn Faransé palẹ̀, wọn a wo ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi owú, ẹmú àti ẹwìrì rọ irú rẹ̀, àti Gras àti Kropatschek. Nǹkan bí ìbọn 12 ni wọ́n ń rọ lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ọta pẹ̀lú.

Ọgbọ́n kò wọ́n wọn, ṣùgbọ́n ìbọn 12 lọ́sẹ̀ kò lè tó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun. Irin tí wọ́n fi èédú yọ́ kò sì lè dọ́gba bí irin ilé iṣẹ́ ńlá Yúróòpù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àrọ ń fẹ́ ibi ìdúró. Ní 1892, àwọn Faransé gba Bissandougou, olú ìlú Samori. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, títí dé Dabakala, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ní láti wá èédú àti irin ní ilẹ̀ àjèjì.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1898, wọ́n mú Samori ní Guélémou. Gàbọ́n ni wọ́n lé e lọ, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 1900. Iṣẹ́ àwọn numu rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé kì í ṣe àìmọṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ni ó fi ilẹ̀ náà lé àwọn amúnisìn lọ́wọ́.