Èébú tí kò ní ilé

Láàárín Ìkìrun, Ìníṣà, Òkukù àti Èkó Ẹndẹ, ọmọdé ti ń bú ara wọn tipẹ́. Wọ́n á fi orí ẹnìkan kọrin lábẹ́ òṣùpá, wọ́n á fi ìrìn ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bú mọ ẹni tó bú òun. Ìyá rẹ̀ lè lọ bá ìyá onítọ̀hún kí ilẹ̀ tó ṣú. Eégún pàápàá, tó bojú, ní agbo ilé tó ti jáde, àwọn àgbà ibẹ̀ ló sì ń dáhùn fún un.

Ààbò tó wà nínú mímọ ẹni tó búni yìí ló yìnrìn. Fóònù alágbèéká gbòde ní Nàìjíríà láti 2001. Formspring bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2009, Ask.fm ní Latvia ní 2010: ẹnikẹ́ni lè bi ọmọ ní ìbéèrè láìdárúkọ, ìbéèrè náà sì lè jẹ́ èébú lásán. Ní 2013, lẹ́yìn ikú ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 kan tó ń lo Ask.fm, David Cameron, olórí ìjọba Britain, ní kí àwọn èèyàn takété sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀.

Ní 2017, Sarahah, irú ibùdó aláìdárúkọ bẹ́ẹ̀ mìíràn, dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa.

Nàìjíríà ti ṣòfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015. Ó bani nínú jẹ́ pé wọ́n ti fi mú oníròyìn, nígbà tí ọmọ tí wọ́n ń bú kò mọ ẹni tí yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ní 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan NGL, ilé iṣẹ́ tó ní irú ibùdó aláìdárúkọ bẹ́ẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ń fi ìbéèrè èké ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ bí ẹni pé ọ̀rẹ́ wọn ló kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là, kó má sì gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 mọ́.