Tábà Òkè-Ògùn àti Ẹ̀yìn Rẹ̀

N kì í ta sìgá ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa, l'Àbújá. Àwọn oníbàárà rò pé ẹ̀sìn ló fà á. Kì í ṣe ẹ̀sìn o. Ọmọ àgbẹ̀ tábà ni mí.

Kí sìgá tó dé, àwọn bàbá wa ti ń fa ìkòkò, àwọn ìyá àgbà sì ń fi aáṣáà sẹ́nu. British American Tobacco ló sọ tábà di iṣẹ́ ńlá: iléeṣẹ́ kékeré ní Òṣogbo ní 1933, èyí tó tóbi ní Ìbàdàn ní 1937. Ní 1951 ó di Nigerian Tobacco Company. Ìsẹ́yìn àti Agọ́-Àrẹ ní Òkè-Ògùn wà lára ibi tí ewé ti ń wá. Kọ́ńpìnnì á fún àgbẹ̀ ní irúgbìn àti ajílẹ̀ láwìn. Bí ewé bá gbẹ, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yọ gbèsè wọn, wọ́n á san ìyókù. Ìyókù yẹn ni bàbá mi fi kan páánù, òun ló fi rán wa níléèwé. N kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ní 1950 ni àwọn olùwádìí Richard Doll àti Bradford Hill ti fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ta ló sọ fún wa lóko? Ẹ̀gbọ́n mi fa sìgá títí ikọ́ fi dé. Lọ́jọ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́. Ará ilé ní ayé ló ta á lọ́fà. Dókítà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, pé ó ti gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn. Èérún rẹ̀ já, ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ dí ojú iṣan nínú ọpọlọ. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀.

 Ní Kubwa lónìí, onísìgá wà káàkiri etí títì. Òfin tábà Nàìjíríà ti 2015 ní kí a má ta sìgá lẹ́yọ-lẹ́yọ, kí páálí má dín ní 20, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 má rí i rà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì ń tà fún àwọn ọmọ, wọ́n tún ń bá wọn ṣá iná sí i.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ má já páálí fún ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ kò bá sì lọ, ẹ mú un lọ ya fọ́tò àyà.