Òṣùwọ̀n Kì Í Ṣojúsàájú: Ìtàn Àwọn Obìnrin Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní M.I.T.



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Lórí òwe yìí ni ìtàn tí a mú wá lónìí dúró. Ìtàn àwọn obìnrin kan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú sì ń run oníkálukú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ pé inú ń run ẹnì kejì. Ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa, ọkùnrin àti obìnrin, ń wọ yunifásítì, àwọn kan nínú wọn yóò sì di òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí. Àwa òbí náà ńkọ́? Kò sí ẹni tí kì í pín nǹkan nínú wa: ẹni tí kò pín owó oṣù ń pín ẹran inú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kì í sì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ti ilé kéwú jáde. Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé olùpín lè ní ọkàn tó mọ́, kí ó má gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kí ìpín rẹ̀ má dọ́gba. Òun fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀, àfi bí a bá wọ̀n ọ́n.

BÍ ILẸ̀KÙN ṢE ṢÍ

Ní ọdún 1861 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Massachusetts sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní M.I.T. Ọkùnrin ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Ní ọdún 1870, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ellen Swallow kọ̀wé pé òun fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì. Wọ́n gbà á wọlé, wọn kò sì gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé wọ́n ṣàánú òun ni. Ẹ̀yìn náà ló tó yé e pé bí ẹnikẹ́ni bá bínú pé obìnrin wọ ilé ẹ̀kọ́ ọkùnrin, wọ́n fẹ́ lè dáhùn pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àwọn. Ẹ wo nǹkan! Ó wà nínú ilé, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ilé. Síbẹ̀ ó gba oyè rẹ̀ ní ọdún 1873, ó sì wá di olùkọ́ níbẹ̀. Ó ń kọ́ni níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1911.

Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá lórí ọ̀rọ̀ Ellen Swallow kí ilẹ̀kùn tó ṣí dáadáa fún obìnrin láti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò ṣí fúnra rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1964, àti àwọn òfin àti àṣẹ tó tẹ̀lé e, ló tì í ṣí. Ní ọdún 1973, Shirley Ann Jackson di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè dókítà ní M.I.T.; ìmọ̀ físíìsì ló kọ́. Ọdún 1973 yẹn náà ni Nancy Hopkins, ẹni tí ìtàn wa dá lé lórí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀.

WỌ́N NÍ KÒ SÍ ÀYÈ

Onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni Nancy Hopkins. Àrùn jẹjẹrẹ àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á ni ó kọ́kọ́ ń ṣèwádìí lé lórí. Kì í ṣe ẹni tó ń wá ìjà. Ó gbà pé òfin ti parí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà á sílẹ̀. Bí nǹkan kan bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé bóyá òun kò ṣe tó ni. Báyìí ni ó ṣe fún bí ogún ọdún.

Nígbà tó yá, ó yí iṣẹ́ rẹ̀ padà sí ẹja wẹ́wẹ́ abilà kan tí wọ́n ń pè ní zebrafish, nítorí pé ara ẹja yìí máa ń fi bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú ẹyin hàn kedere. Ẹja ń fẹ́ ilé. Hopkins wá tọrọ àyè kékeré sí i, 200 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, láti gbé àwọn agbada ẹja rẹ̀ sí. Yàrá kan tí kò tóbi ni èyí. Wọ́n ní kò sí. Ó ní àyè tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ òun ní ju tòun lọ. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó wá ṣe? Ó mú téèpù, irú èyí tí káfíńtà fi ń wọn pákó. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti lọ sílé lálẹ́, á máa lọ láti yàrá ìwádìí kan sí òmíràn, á máa wọ̀n ọ́n, á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá nìyí: tirẹ̀ jẹ́ 1,500 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Àwọn ọkùnrin tó jẹ́ àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n bí tirẹ̀ ní 3,000 ó kéré tán. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí òun ju wọ́n lọ, ní bí 2,000. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè di àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá téèpù jiyàn?

INÚ Ń RUN GBOGBO WỌN

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, wọ́n tún gba ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn gbé kalẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ní ọdún 1994 ó kọ lẹ́tà ìfẹ̀hónúhàn sí Charles Vest, ààrẹ ilé ẹ̀kọ́ náà. Kó tó fi ránṣẹ́, ó mú un lọ bá obìnrin kan tí wọ́n jọ wà ní ẹ̀ka kan náà, Mary-Lou Pardue, onímọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún, pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ń tì í láti mú un jáde. Pardue kà á tán, ó ní òun náà fẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹnu ya Hopkins. Ọdún pípẹ́ ni àwọn méjèèjì ti jọ ń kí ara wọn, kò sì sí èyí tó mọ ohun tó wà nínú ẹnì kejì.

Àwọn obìnrin náà jókòó, wọ́n ní kí àwọn ka iye obìnrin tí iṣẹ́ wọn ti fìdí múlẹ̀ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ní gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ohun tí wọ́n kà jẹ́ 15. Àwọn ọkùnrin tó wà ní ipò kan náà sún mọ́ 200. Ẹ̀ka ìṣirò kò ní ẹyọ obìnrin kan ní ipò yẹn. Wọ́n wá ń lọ bá àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ ni ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ti ń sọ tirẹ̀. Àwọn àgbà aláǹgbá ti ń da ikùn délẹ̀ tipẹ́!

Ní oṣù August 1994, wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì gbé e tọ Robert Birgeneau lọ, ọkùnrin onímọ̀ físíìsì tó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n tọrọ. Wọn kò ní kí ó lé ẹnikẹ́ni kúrò níṣẹ́, wọn kò sì gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni pé kó yan ìgbìmọ̀ tí yóò wo ìwé ìṣirò: owó oṣù, àyè, owó ìwádìí, ẹ̀bùn, àti ipò nínú ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ. Birgeneau gbọ́ ti ẹnu wọn, ó gbà wọ́n gbọ́. Àwọn olórí ẹ̀ka kan kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995, Hopkins sì ni alága rẹ̀. Wọ́n fi ọkùnrin mẹ́ta kún un, àwọn tó ti jẹ olórí ẹ̀ka rí, kí wọ́n má baà sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin lásán ni.

OHUN TÍ ÌWÉ ÌṢIRÒ SỌ

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà dé iwájú Birgeneau ní 1996, nígbà tó sì di oṣù March 1999, wọ́n tẹ àkójọ rẹ̀ jáde fún aráyé kà. Ó fi hàn pé nínú gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, obìnrin jẹ́ bí 8 nínú 100, iye yìí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Bẹ́ẹ̀ obìnrin kò wọ́n láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àìdọ́gba wà nínú owó oṣù àti nínú àyè, kò sì sí obìnrin kan tó tíì jẹ olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ rí.

Èyí tó mú wa ronú jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ sọ pé kò sí wàhálà, pé ayé àwọn ìyá àwọn ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà. Àwọn àgbà obìnrin ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn náà wí nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyà náà ń wọlé, bí òjò tó ń rọ̀ wínníwínní: ìwọ kò ní mọ̀ pé ara rẹ ti tutù títí aṣọ yóò fi lẹ̀ mọ́ ọ lára.

Ààrẹ Vest fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ síwájú ìwé náà. Ó ní tẹ́lẹ̀, òun gbà pé nínú irú ẹ̀sùn báyìí, apá kan jẹ́ òtítọ́, apá kan jẹ́ èrò ọkàn, ṣùgbọ́n òun ti wá mọ̀ pé apá òtítọ́ ló pọ̀ jù. Ó ṣọ̀wọ́n kí olórí ilé ẹ̀kọ́ ńlá jẹ́wọ́ báyìí ní gbangba. Ìwé ìròyìn New York Times gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ní oṣù January 2001, àwọn olórí yunifásítì ńlá mẹ́sàn-án pàdé ní M.I.T. lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún owó oṣù àti àyè ṣe, Hopkins sì rí ibi gbé ẹja rẹ̀ sí. Ní 2004, Susan Hockfield di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ M.I.T.

IṢẸ́ TÍ KÌ Í TÁN

Ṣùgbọ́n ìtàn kì í parí síbi tí ó dùn. Lẹ́yìn ìgbà náà, Hopkins tún ṣírò bí iye obìnrin ṣe ń gòkè láti ọdún gbọọrọ. Ó rí i pé kò gòkè bí igi tó ń dàgbà. Ó fò sókè lẹ́yìn òfin àti àṣẹ ìjọba, ó dúró gbári. Ó tún fò sókè lẹ́yìn ìgbà tí Birgeneau mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn. Nígbà tí Birgeneau kúrò ní 2000, ó tún dúró. Ìgbà tí olórí bá ń wo òṣùwọ̀n ni òṣùwọ̀n ń yí padà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí obìnrin. Ní oṣù January 2010, M.I.T. tẹ ìwé mìíràn jáde lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ẹ̀yà láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀. Paula Hammond, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Athena SWAN ní 2005, tó ń fi àmì ẹ̀yẹ fún ilé ìwádìí tó bá ka iye rẹ̀ tí ó sì tún un ṣe. Ní 2011, àwọn tó ń fún ilé ìwòsàn lówó ìwádìí níbẹ̀ so owó mọ́ àmì ẹ̀yẹ náà, ó sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sáré tẹ̀lé. Ní 2020 wọ́n tú ìdè náà. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní oṣù January 2025, ààrẹ orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí àṣẹ tó fi òpin sí irú ètò báyìí nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn kan ní ó ti di ojúsàájú sí apá kejì. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ohun tí téèpù Hopkins wọ̀n, kò sí àṣẹ tó lè sọ 1,500 di 3,000.

ÀWA ŃKỌ́?

Nígbà tí a ń gbọ́ ìtàn yìí, a ń mi orí pé àwọn òyìnbó kò ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ni a rántí ilé kéwú tí a ti ń kọ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, a ó fi gbogbo ẹnu sọ pé bákan náà ni ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lójú wa. A wá mú bébà, a fi ọ̀sẹ̀ kan sàmì sí ẹni tí a pè láti kàwé síta. Àwọn ọmọbìnrin ju ìdajì kíláàsì lọ. Nígbà tí a ka àmì náà, iye ìgbà tí a pè wọ́n kò tó ìdá mẹ́ta. Ojú tì wá. A kò gbèrò rẹ̀, ọwọ́ wa ló mọ́ ọn lára. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn ṣe tò nínú ìwé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí inú bá ń run yín níbi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́, ẹ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín léèrè, kí ẹ sì kọ iye sílẹ̀ kí ẹ tó pariwo. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí, bí wọ́n bá gbé ìwé ìṣirò wá síwájú yín, ẹ má ṣe bínú sí ẹni tó mú téèpù dání.

Kí Ọlọ́hun fi wá sára àwọn tí ń pín nǹkan lọ́gbọọgba. Àmín.