Ta Ló Gbé Epo Wá?

Ní 1949, Lucky Lady II, ọkọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà, gbéra ní Texas, ó yí ayé ká láìbalẹ̀ rárá, ó padà sí Texas lẹ́yìn wákàtí 94. Ṣé epo inú ẹ̀ lẹ rò pé ó gbé e dé ibẹ̀? Rárá o! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni 43rd Air Refueling Squadron, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, gbé epo pàdé ẹ̀ lójú sánmà. Ọkọ̀ agbépo á wà lókè, wọ́n á na rọ́bà sísàlẹ̀, epo á máa ṣàn. Ní Philippines, ọkọ̀ agbépo kan fún un lépo tán, ó ń padà lọ balẹ̀, ojú ọjọ́ ò dáa, ló bá já. Gbogbo èèyàn 9 inú ẹ̀ ló kú. Àwọn ti Lucky Lady II gba Mackay Trophy. Mi ò ní kí wọ́n má gbà á o, wọ́n ṣe bẹbẹ. Àwọn tó gbé epo wá ni mò ń bèèrè.