Omi Ṣáájú Ọ̀rọ̀: Ìtàn Akwaba ní Abidjan

Bí àlejò bá wọ agbo ilé àwọn Baoulé ní Côte d'Ivoire, wọn kì í sáré bi í ní ohun tó bá wá. Àga ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un, omi á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì kí i ní akwaba, ìyẹn káàbọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó wá túfọ̀ òkú, ó lè jẹ́ gbèsè ló wá sin; ó di ìgbà tó bá mumi tán kí wọ́n tó béèrè ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà kò ní já lu ọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ ní àlàáfíà ni, kò sí láburú, òun kàn ní kí òun yà kí wọn ni. Wọ́n á tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ojúlówó ọ̀rọ̀ á wá jáde. Bó bá fẹ́ máa lọ, ó gbọ́dọ̀ tọrọ ọ̀nà. Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n máa ń fún un. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ onílé, kí àlejò lè rí nǹkan padà wá gbà.

Kò sí Yorùbá tí èyí máa yà lẹ́nu púpọ̀, nítorí a mọ omi tútù, a sì mọ ẹ kú àbọ̀. Ohun tó gba àfiyèsí ni bí Côte d'Ivoire ṣe gbé àṣà agbo ilé, tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1960, wọ́n fi ìgbàlejò kún oríkì ilẹ̀ wọn nínú L'Abidjanaise, orin orílẹ̀-èdè náà. Ibòmíràn tí mo lè fi wé e ni Hawaii, níbi tí wọ́n ti sọ aloha di òfin ní 1986. Ọ̀rọ̀ tí Pilahi Paki, obìnrin akéwì kan, fi ṣàlàyé aloha ni wọ́n gbé òfin náà kà: kí gómìnà, adájọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba máa rántí ìfẹ́, sùúrù àti ìrẹ̀lẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ wọn. Òfin náà kò dárúkọ ìjìyà kankan. Ní Côte d'Ivoire, inú rere nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Àwọn Ébrié ló ni etí ọ̀sà tí Abidjan wà. Ní 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú irin lélẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sí àríwá. Ní 1934 ìlú náà di olú ìlú. Ní 1950 wọ́n la ọ̀nà omi Vridi já sí òkun, ọkọ̀ ńlá sì ń wọ inú ọ̀sà. Gbogbo èyí ń fẹ́ ọwọ́, oko kòkó àti oko kọfí sì ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tipátipá ni wọ́n fi ń rí òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1946, Félix Houphouët-Boigny, dókítà àti àgbẹ̀ olóko ńlá tó ti wọ ilé aṣòfin ní Paris, mú kí wọ́n fòpin sí i. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ lébìrà gbọ́dọ̀ fà á mọ́ra. Nígbà tó di ààrẹ, ó là á mọ́lẹ̀ ní 1963 pé ẹni tó bá ro ilẹ̀ ló ni ín. Àwọn ará Burkina Faso (Upper Volta nígbà náà) àti Mali dà wọ inú igbó. Nínú ètò ìkànìyàn 1998, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wà ní orílẹ̀-èdè náà, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ọmọ onílẹ̀.

Àwa náà wà nínú wọn. Ànàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló sì pọ̀ jù. Títà ni tiwọn, kì í ṣe oko: aṣọ, ohun ìṣaralóge, ẹ̀yà ara ọkọ̀, ní Treichville àti Adjamé, àdúgbò méjì ní Abidjan. Nígbà tí Ghana lé àlejò ní 1969, ọ̀nà Abidjan tún gbóná sí i. Bí o bá dé Ẹ̀jìgbò lónìí, wàá rí ọkọ̀ tó ń lọ tààrà sí Abidjan, wàá sì gbọ́ Faransé lẹ́nu ìyá tó ń ta ata.

Ilé àgbàlá àjọgbé ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ akwaba. Cour commune ni wọ́n ń pè é: yàrá yí àgbàlá ká, ẹ̀rọ omi kan, ibi ìdáná kan, Baoulé, Dioula, Mossi àti Ànàgó ní ẹnu ọ̀nà síra wọn. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, gbogbo àgbàlá ló máa kí i ní "bonne arrivée". Ẹni tó bá kọsẹ̀ tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, "yako" ni, ìyẹn pẹ̀lẹ́. Lọ́jà náà, ẹni tó bá béèrè iye ọjà láìkí ọlọ́jà ti fi ara rẹ̀ hàn ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, ó sì lè jẹ́ iye tí wọ́n máa pè fún un ló máa fi mọ̀. Oúnjẹ wọn pàápàá ń sọ ìtàn yìí. Attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn Ébrié, àti ẹja tuna ni garba. Hausa láti Niger ló sábà máa ń tà á, orúkọ mínísítà kan, Dicoh Garba, ni wọ́n sì fi pè é.

Ṣùgbọ́n akwaba ìjọba ní iye tó ń ná wọn, ìgbà kan sì wà tí wọn ò fẹ́ san án mọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ti wà ṣáájú òmìnira. Àwọn ará Dàhómè (Benin òde òní) àti Tógò ti kàwé ṣáájú, wọ́n sì pọ̀ nídìí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní October 1958, àwọn ọ̀dọ́ Abidjan kọ lù wọ́n nílé wọn, ọ̀pọ̀ sì wọkọ̀ ojú omi padà sílé láìmú nǹkan dání. Ní 1966, Houphouët-Boigny dábàá pé kí àwọn ará orílẹ̀-èdè kan ní agbègbè wọn lè jẹ́ ọmọ ilẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn rẹ̀ kọ̀, ó sì jáwọ́. Owó kòkó ṣì ń wọlé nígbà náà, a lè fi ẹ̀rín bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1989, owó tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ lórí kílò kòkó kan já láti 400 CFA sí 200. Láàárín ọdún díẹ̀, káàdì ìgbélùú dé fún àlejò, ọlọ́pàá sì rí ọ̀nà àtijẹ. Houphouët-Boigny kú ní December 1993. Henri Konan Bédié tó rọ́pò rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ivoirité jáde, ìyẹn ta ni ojúlówó ọmọ ilẹ̀, ta ni kì í ṣe é. Òfin ilẹ̀ oko ti 1998 ní ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ló lè ni ín, èyí tó yí ọ̀rọ̀ 1963 po. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní September 2002. Rògbòdìyàn ìbò 2010 sí 2011 pa nǹkan bí 3,000 èèyàn, àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò kan sì kó ẹrù padà wálé.

Lójú tèmi, ohun tí kò bàjẹ́ nínú gbogbo èyí ni èyí tí ìjọba ò fọwọ́ kàn. Ẹ̀yà Sénoufo àti Yacouba, fún àpẹẹrẹ, ní àdéhùn àwàdà láàárín ara wọn, toukpè: ọ̀kan lè pe èkejì lẹ́rú rẹ̀ ní gbangba, kó bú u lórí oúnjẹ, kí èkejì máa rẹ́rìn-ín, nítorí èèwọ̀ ni kí wọ́n jà. Bí ìjà bá sì wà láàárín ẹlòmíràn, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń rán láti lọ pẹ̀tù sí i. Ní 2007, ìjọba Ààrẹ Laurent Gbagbo fagi lé káàdì ìgbélùú fún àwọn ará ECOWAS. Àgbàlá ò dúró de ìyẹn kí wọ́n tó máa kí ara wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Côte d'Ivoire gbàlejò ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìjọba ní ìdíje ìgbàlejò ni, wọ́n sì sọ erin tó jẹ́ àmì rẹ̀ ní Akwaba. Nàìjíríà lu onílé ní 1-0 ní ìpele ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́, wọ́n sì tún pàdé ní àṣekágbá ní pápá Ebimpé, ní 11 February. Troost-Ekong ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa, Kessié dá a padà, Haller sì fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù díẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago lù, ó wọlé: 2-1 fún onílé. Àwọn Ànàgó Abidjan tó ti wọ aṣọ àwọ̀ ewé lọ síbẹ̀ tún padà sí àgbàlá kan náà lálẹ́ ọjọ́ náà, "bonne arrivée" sì ni wọ́n fi pàdé wọn, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ tí kò tíì tán nílẹ̀ títí di bí a ti ń wí yìí.