Ìyanṣẹ́lódì Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Irin ní 1945 àti Ìdáhùn Ìjọba Amúnisìn ní Nàìjíríà

Ìfáárà

Nínú ìtàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn tó ń gba owó ọ̀yà dá sílẹ̀ kí wọ́n lè fi ohùn kan bá agbanisíṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀, agbára káká ni ìyanṣẹ́lódì mìíràn fi wà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò tó ti ọdún 1945. Òru ọjọ́ 21 mọ́jú ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ni àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, àwọn ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àti tẹ́lígíráàmù, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn lábẹ́ ìjọba, pa iṣẹ́ tì. Ẹgbẹ́ 17 ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ tó kópa kò sì dín ní 30,000. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìdáhùn ìjọba wò, ó sì fi hàn pé owó nìkan kọ́ ni ìjà náà dá lé. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ iye tí ìgbé ayé òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀.

Ìpìlẹ̀ agbára àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè

Ní 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó sì di 1912, ó ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò. Kòkó, ẹ̀pà àti tánganran tí ìjọba ń kó lọ sí òkè òkun kò lè dé èbúté ní ìrọ̀rùn láìgba orí irin, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Lókò, ìyẹn ọgbà iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tà, bá káwọ́ gbera, gbogbo orílẹ̀-èdè ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Ẹgbẹ́ wọn ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní 1940 lábẹ́ òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti 1938, Michael Imoudu, ọmọ Ora tó wọ iṣẹ́ rélùwéè ní 1929, sì di ààrẹ rẹ̀.

Ọ̀wọ́n ọjà àti COLA

Ogun àgbáyé kejì gbé owó ọjà ga, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ kò bá a gòkè. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ béèrè ni àjẹmọ́nú ọ̀wọ́n ọjà, ìyẹn owó tí a fi kún owó iṣẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè rí oúnjẹ rà nígbà tí ọjà bá wọ́n, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí COLA. Ní oṣù Kẹsàn-án 1941, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wọ́ lọ sí ilé gómìnà, Sir Bernard Bourdillon, ìjọba sì fún wọn ní àjẹmọ́nú náà ní 1942. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba fi òfin ogun de ìyanṣẹ́lódì. Ní 1943, wọ́n lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì sé e mọ́ Auchi.

Ìjọba gbìyànjú láti fi òfin de owó oúnjẹ ní Èkó lábẹ́ ètò tí òyìnbó Pullen ń darí, ṣùgbọ́n gàárì di ohun tí a ń fi ojú wá. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀wé ní 1945, wọ́n ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n ń ná ti lé ní ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń ná kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọba fi ìdá 50 nínú 100 kún COLA, kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù sì máa gba ṣílè 2 àti sísì kan lójúmọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ìjọba gbà dáhùn

Ìdádúró ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Ìjọba ní àfikún owó yóò tún mú ọjà wọ́n sí i, ó sì rọ àwọn aṣáájú láti fara balẹ̀. T. A. Bankole àti àwọn aṣáájú mìíràn gbà láti sún ọjọ́ síwájú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀, nítorí Imoudu ti padà dé láti ìgbèkùn níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò.

Ọ̀nà kejì ni òfin. Gerald Whiteley, tó jẹ́ adelé fún gómìnà Arthur Richards, dúró lórí i pé ìyanṣẹ́lódì náà tàpá sí òfin ogun. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, ìjọba ti ìwé ìròyìn *West African Pilot* àti *Daily Comet* pa, àwọn ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe tó ń gbè lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. *Daily Service* ní tirẹ̀ kò fara mọ́ ìyanṣẹ́lódì náà, èyí tó fi hàn pé àwọn olóṣèlú Èkó kò fẹnu kò.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí ni ọ̀nà kẹta. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lórí àdéhùn pé a kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, àti pé ìgbìmọ̀ yóò yẹ ọ̀rọ̀ owó náà wò. Ìgbìmọ̀ tí W. Tudor Davies darí jíṣẹ́ ní 1946, ó sì dámọ̀ràn pé kí a fi ìdá 50 nínú 100 kún COLA, iye tí àwọn òṣìṣẹ́ ti dárúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ

Fún James Coleman, ìyanṣẹ́lódì náà la ojú àwọn ará Nàìjíríà sí agbára tó wà nínú ìṣọ̀kan, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ ran ìjà òmìnira lọ́wọ́. Wale Oyemakinde tẹnu mọ́ ìnira ọrọ̀ ajé tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú kí ọ̀rọ̀ òṣèlú tó wọ̀ ọ́. Lisa Lindsay ló wá mú ọ̀rọ̀ wọ inú ilé: ìjọba ń san àjẹmọ́nú fún òyìnbó nítorí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní obìnrin aláwọ̀ dúdú ń ṣòwò, nítorí náà ọkọ rẹ̀ kò nílò owó tí yóò fi bọ́ ìdílé. Àwọn òṣìṣẹ́ fèsì pé àwọn ni baálé, àwọn ló ń bọ́ ìyàwó, ọmọ àti ẹbí. Síbẹ̀, nígbà tí owó iṣẹ́ dáwọ́ dúró fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èrè ọjà àwọn ìyàwó náà ló gbé ọ̀pọ̀ ilé ró, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó tí Alimotu Pelewura ṣe olórí fún sì dúró ti àwọn òṣìṣẹ́. Ohun tí ìjọba fi ṣe àwíjàre láti má san owó ló padà di ohun tí kò jẹ́ kí ebi lé àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò yani lẹ́nu pé ebi yìí kan náà ni Hubert Ogunde gbé sórí ìtàgé nínú eré tó pè ní *Strike and Hunger*.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá fi àbájáde 1946 wé ìbéèrè 1945, ó hàn pé kì í ṣe àìsí owó ló fa ìkọ̀ tí ìjọba kọ̀. Ìṣirò tí òṣìṣẹ́ ṣe lẹ́bàá ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kò di òtítọ́ lójú ìjọba títí òyìnbó fi wá láti òkè òkun láti tún un ṣe. Àṣà náà kò sì bá àwọn amúnisìn lọ: nígbà tí ìgbìmọ̀ Morgan parí iṣẹ́ lórí owó òṣìṣẹ́ ní 1964, ìjọba tó ti gba òmìnira fi àbọ̀ rẹ̀ falẹ̀, títí àwọn òṣìṣẹ́, tí Imoudu tún wà lára aṣáájú wọn, fi tún pa iṣẹ́ tì ní oṣù Kẹfà ọdún náà.